Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ́ Géèmù Ogun Ọ̀yọ́: Ẹ Fún Ọfọ̀ ní Èèwọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ géèmù ogun Ọ̀yọ́ Ilé níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú wàhálà iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ kú owó epo jẹnẹrétọ̀. Mo ti ń gbá géèmù yín láti ìgbà tí ẹ ti ṣí i fún aráàlú láti dán wò, nínú àwọn ẹ̀yà jagunjagun tí ẹ ní kí á yàn, ọdẹ ni mo sì ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní. Ohun tí ẹ dáwọ́ lé yìí wú mi lórí púpọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn géèmù ogun tó wà lórí fóònù wa, ogun òkè òkun ni wọ́n ń jà níbẹ̀, pẹ̀lú dírágónì àti ilé olókùúta tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí. Inú géèmù yín ni mo ti gun ẹṣin lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ Ilé, tí mo gbọ́ tí ọ̀tá pe ọfọ̀ ní èdè tí ìyá mi fi kọ́ mi lọ́rọ̀, tí mo sì sá pamọ́ sẹ́yìn igi Àjàgbọn. Iṣẹ́ ńlá ni. Mi ò fẹ́ kó bàjẹ́, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí ní gbangba, kí àwọn tí a jọ ń gbá a lè dá sí i.

Láti ìgbà tí patch (àtúnṣe géèmù) tó gbẹ̀yìn ti jáde, géèmù ogun ti di géèmù ọlọ́fọ̀, jagunjagun tó ń fi ọfọ̀ jà. Ẹ dé Under G nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ wo ojú fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń gbá a: bí ènìyàn mẹ́wàá bá wọ ogun, méje tàbí mẹ́jọ nínú wọn ló máa yan ọlọ́fọ̀. Ẹni tó bá yan onídà, àwọn tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ kan náà á ti máa bú u kí ìlù ogun tó dún. Ẹlẹ́ṣin tó jẹ́ ògo Ọ̀yọ́, kò sẹ́ni tó ń yà á sí mọ́. Ti ọdẹ ló wá dùn mí jù. Níhìn-ín! Ní ìlú tí ọdẹ tẹ̀ dó! Ọdẹ ni Ṣọ̀ún Ògúnlọlá, ìtàn ìlú wa sì ni pé òun ló borí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ti ń da Ọ̀yọ́ láàmú, tó gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin. Ibẹ̀ la ti mú orúkọ tí à ń jẹ́. Nínú géèmù yín, ọfà ọdẹ kò ní tíì balẹ̀ tí ọlọ́fọ̀ á fi ti rá mọ́ ọn lójú, á yọ lẹ́yìn rẹ̀, á sì fi gbólóhùn kan pa á.

Mo mọ̀ pé ariwo ti pọ̀ létí yín. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé kí ẹ nerf ọlọ́fọ̀, kí ẹ gé agbára rẹ̀ sí ìdajì kí gbogbo wa sinmi. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Bí ẹ bá gé e sí ìdajì, ọlọ́fọ̀ á di ẹni tí ń ṣẹ́nu lásán, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ á bínú kúrò, onídà á gorí àga, ariwo mìíràn á sì tún sọ kí oṣù tó parí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: agbára ọfọ̀ kò pọ̀ jù. Èèwọ̀ ni kò ní.

Oògùn àwọn baba wa kì í rìn lóun nìkan. Ẹni tó lo òkígbẹ́ ti gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ṣe é fún un, ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ, ohun tí kò gbọ́dọ̀ kàn án lára, ibi tí kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ dé. Ọ̀tá tó bá mọ èèwọ̀ náà ti mọ ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ̀ wà fún ohun tí wọ́n bá fi ṣe ènìyàn. Ẹ sì wo Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, oyè tí Tóyèjẹ àti Ládòkè Akíntọ́lá jẹ láti ìlú wa yìí. Ìtàn sọ pé gbẹ́rẹ́ 201 ni wọ́n máa ń sín sí i lórí, tí wọ́n á fi oògùn 201 ra á. Ta ló tún ní agbára tó bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n òfin tó so mọ́ oyè náà le: lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta ó gbọ́dọ̀ lọ sógun síbi tí ọba bá rán an, láàárín oṣù mẹ́ta ó gbọ́dọ̀ padà pẹ̀lú ìṣẹ́gun, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Àwọn tó to Ọ̀yọ́ mọ bí a ti ń wọn agbára. Ẹ̀yin mú oògùn wọn sínú géèmù, ẹ mú orúkọ rẹ̀, ẹ mú ìró rẹ̀, ẹ fi èèwọ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú gbétugbétu. Bó ṣe wà báyìí, ọlọ́fọ̀ tó bá pè é á dá ọ̀tá dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Mẹ́ta kò burú. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́fọ̀ méjì bá pàdé onídà kan, èkíní á pè é, bí tirẹ̀ bá ti fẹ́ tán, èkejì á pè é, kó tó tán, cooldown ti èkíní (àkókò tó gbọ́dọ̀ dúró kó tó tún lè pè é) ti parí. Onídà á dúró gbagidi títí ẹ̀mí rẹ̀ á fi bọ́. Ẹni tí a dè mọ́lẹ̀ báyìí kò gbá géèmù mọ́, ńṣe ló ń wò ó. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí àwọn ènìyàn ju bí ìfarapa ọfọ̀ yòókù ṣe ń bí wọn lọ: ènìyàn lè fara da kí a ṣẹ́gun òun, kò lè fara da kí a gba fóònù lọ́wọ́ òun. Géèmù World of Warcraft tó jáde ní 2004 bá ìṣòro yìí kan náà pàdé, ohun tí wọ́n sì ṣe kò ṣòro. Bí wọ́n bá dá ẹnìkan dúró lẹ́ẹ̀kíní, yóò dúró pé. Lẹ́ẹ̀kejì, ìdajì àkókò náà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ran án mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ò gé agbára gbétugbétu rárá, ẹ kàn fún un ní èèwọ̀: a kì í pè é sí ẹnìkan léraléra. Ọlọ́fọ̀ tó gbọ́n á wá máa fi pa mọ́ di ìgbà tó ṣe kókó.

Kánàkò àti àfẹ́ẹ̀rí ńkọ́? Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dára. Bí wọ́n bá pàdé lọ́wọ́ ẹnìkan ni wọ́n di wàhálà, nítorí ẹni tí kò ṣeé rí, tí ó sì lè ká ọ̀nà kò, kò ní ohun tó lè pàdánù. Ogun tí ẹnìkan ti lè kú, tí ẹnìkejì kàn lè padà wá, kì í ṣe ogun kan náà ni wọ́n ń jà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá lo kánàkò má lè pe ọfọ̀ ìjà fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì lẹ́yìn tó bá balẹ̀. Kó sá, ó lè sá. Kó fi pa ènìyàn lójijì, ìyẹn ni kò ní ṣeé ṣe. Àfẹ́ẹ̀rí ní tirẹ̀, kó máa jẹ àṣẹ, agbára tí à ń ná láti pe ọfọ̀ nínú géèmù, ní gbogbo ìgbà tó bá wà lára, kí ajá ọdẹ sì lè gbóòórùn ẹni tó lò ó bó bá súnmọ́. Ajá ti wà nínú géèmù yín tẹ́lẹ̀, ó kàn ń tẹ̀lé ọdẹ kiri ni. Ẹ fún un níṣẹ́.

Ibi tí ọkàn mi wà jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bí a ṣe ń pe ọfọ̀. Lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀kan ni a ó fi ìka kan ojú fóònù, ọfọ̀ ti ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà la óò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn. Òdì ni. Ọfọ̀ kì í ṣe ìbọn. Ẹni tó ń pe ọfọ̀ á kọ́kọ́ dárúkọ nǹkan, á pe orúkọ àbísọ rẹ̀, á sọ ohun tí nǹkan náà kì í ṣe àti ohun tó máa ń ṣe, kó tó wá pàṣẹ. Ìparí ni àṣẹ wà. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ nínú géèmù. Ọfọ̀ kékeré tí kò ju gbólóhùn kan lọ, kí ẹnu tètè pa á dé. Èyí tó lágbára díẹ̀, kó gba ìṣẹ́jú-àáyá kan àbọ̀. Ọfọ̀ ńlá tó lè dojú ogun dé, kó gba mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹni tó ń pè é dúró lójú kan, kí ọfà kan ṣoṣo sì lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá já, kí àṣẹ tó ti ná sí i ṣòfò.

Ẹ wo ohun tí èyí á mú wá. Ọlọ́fọ̀ á nílò onídà tí yóò dúró níwájú rẹ̀ kó tó lè parí ọ̀rọ̀. Ọdẹ á ríṣẹ́ ṣe, torí òun ni ọfà rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn. Ẹlẹ́ṣin á mọ ìdí tó fi ń sáré. Ẹ kò fi ẹyọ nọ́ńbà kan kún agbára ẹnikẹ́ni, ẹ kò sì yọ ọ̀kan kúrò, síbẹ̀ gbogbo wọn ti ríṣẹ́. Bákan náà, etí á di ohun ìjà. Bí mo bá wà lẹ́yìn odi tí mo gbọ́ tí ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ pé ẹnu ni ìgbín fi ń gun igi, mo ti mọ̀ pé ọfọ̀ tí ẹ fi ń gun odi ló ń bọ̀, màá ti gbé ọrun sókè kó tó dé orí àṣẹ. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa á mọ ohun tó ń bọ̀ ní gbólóhùn àkọ́kọ́; ẹni tí kò gbọ́ ọ á kọ́ ọ, nítorí ikú á kọ́ ọ. Kò sí géèmù Amẹ́ríkà tàbí ti Jàpáànì tó lè ní irú ìjìnlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ yín ló wà. Kìkì pé kí ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọfọ̀ náà máa hàn lókè orí ẹni tó ń pè é, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbá géèmù láìṣí ohùn, nínú ọkọ̀, nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì tí ẹlòmíràn ń sùn, àwọn mìíràn sì wà tí etí wọn kò gbọ́ràn.

Ẹnìkan nínú yín lè sọ pé ìkìlọ̀ ti wà, pé ìmọ́lẹ̀ pupa máa ń yọ ní 400 mílísẹ́kọ̀ndì kí gbétugbétu tó balẹ̀, pé ẹni tó bá já fáfá lè yẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ 1,000 mílísẹ́kọ̀ndì. Bí ojú ènìyàn bá rí nǹkan, kí ọwọ́ rẹ̀ tó dáhùn, nǹkan bíi 250 ti lọ, kódà lára ẹni tí ara rẹ̀ yá. Server yín, kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa ń bá pàdé láti gbá géèmù náà, wà ní Yúróòpù. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀nà tó tọ́ tààrà jẹ́ nǹkan bíi 5,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ inú wáyà fáíbà ń rin nǹkan bíi 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà àlọ àti àbọ̀ nìkan ti gba mílísẹ́kọ̀ndì 50, bí wáyà náà bá tọ́ bí ọ̀pá. Kò sì tọ́. Ó gba inú òkun yí etí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ká, ó gúnlẹ̀ sí Èkó, ó tún wá gòkè wá bá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fa nẹ́tíwọ̀kì kan náà lálẹ́. Ping (àkókò àlọ àti àbọ̀ yẹn) 160 kì í ṣe nǹkan ìyanu níhìn-ín. Ìmọ́lẹ̀ pupa yín á gba 80 kó tó dé ojú mi, mo fi 250 dáhùn, ìdáhùn mi fi 80 padà dé server. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 410. Gbétugbétu ti balẹ̀ tán. Ẹni tó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ping 20, 270 ló máa ná, ó ṣì ní 130 lọ́wọ́. Ọfọ̀ kan náà, ènìyàn méjì tí ọwọ́ wọn yá bákan náà, ọ̀kan lè yẹ̀ ẹ́, èkejì kò lè yẹ̀ ẹ́ láéláé.

Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ fún onídà. Idà gbọ́dọ̀ súnmọ́ kó tó bà. Nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá ń fà, ibi tí mo ti rí ọ̀tá lójú fóònù mi kọ́ ló wà lórí server, ó ti kúrò níbẹ̀. Mo bẹ́ afẹ́fẹ́. Ọfọ̀ ọlọ́fọ̀, ní tirẹ̀, orúkọ ọ̀tá ló ń mú, ibikíbi tó bá wà ló máa bá a. Nítorí náà, nẹ́tíwọ̀kì burúkú ń gba owó-orí lọ́wọ́ idà àti ọfà, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọfọ̀. Bí ẹ bá dán ìwọ̀ntúnwọ̀nsì wò nínú ọ́fíìsì yín, níbi tí gbogbo kọ̀ǹpútà ti so mọ́ ara wọn, ẹ kò lè rí èyí láéláé. Ẹ óò máa sọ pé onídà dára, a óò máa sọ pé kò dára, gbogbo wa á sì máa sọ òótọ́. Ilé dátà wà ní Èkó tó ń yá ènìyàn ní àyè fún server. Mo mọ̀ pé owó ni. Bí owó kò bá tíì sí, ẹ jẹ́ kí ìkìlọ̀ ohun yòówù tó bá ń dá ènìyàn dúró tó 700 mílísẹ́kọ̀ndì, kí ẹ sì jẹ́ kí ọfọ̀ jíjìn máa fò lọ sí ibi kan dípò kó máa lé ènìyàn kiri.

Ọ̀rọ̀ level (ìpele) náà wà níbẹ̀. Àrùn àtijọ́ ni, ó ti wà láti ìgbà Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tó jáde ní 1974, níbi tí oṣó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti ní ọfọ̀ kan ṣoṣo lóòjọ́, àmọ́ tó bá ti dàgbà, onídà á di ẹni tí ń ru ẹrù rẹ̀. Nínú tiyín, gbogbo level tí ọlọ́fọ̀ bá gùn, ó ń gba ọfọ̀ tuntun kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ọfọ̀ rẹ̀ sì ń fi mẹ́wàá lé sí i. Ní level 1, ọfọ̀ kan, ìfarapa 10. Ní level 10, ọfọ̀ mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan 100, ó di 1,000. Onídà ń fi 20 lé lórí level kọ̀ọ̀kan: 20 ní level 1, 200 ní level 10. Ní level 2 wọ́n dọ́gba ní 40. Ní level 10 ọlọ́fọ̀ ti fi ìlọ́po márùn-ún ju onídà lọ, ní level 20 ó ti fi ìlọ́po mẹ́wàá jù ú lọ. Bí ẹ bá wá fi kún agbára idà kó lè bá a dọ́gba ní level 20, onídà á máa pa gbogbo ọmọ tuntun ní level 2. Nọ́ńbà kankan kò lè tún èyí ṣe, nítorí ọ̀nà méjì ni ọlọ́fọ̀ ń gbà dàgbà nígbà tí onídà ń gba ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́fọ̀ máa mọ ọfọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ó yan mẹ́rin péré tí yóò gbé lọ sógun. Tàbí kí ọfọ̀ máa pọ̀ sí i láìlágbára sí i. Ọ̀kan nínú méjèèjì.

Mo tún fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ jà. Ọ̀yọ́ Ilé wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ẹṣin ló sì jẹ́ kí apá rẹ̀ gùn. Nígbà tí ẹṣin bá wọ igbó kìjikìji, eṣinṣin tsetse á pa á, igi á dí i lọ́nà, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹ́ṣin kò fi rìn jìnnà nínú igbó gúúsù. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìbàdàn ṣe dá àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840. Nínú géèmù yín ẹṣin ń sáré nínú igbó bó ṣe ń sáré ní pápá, ọfọ̀ sì ń gba inú igi kọjá bí ẹni pé igi kò sí. Jẹ́ kí ẹlẹ́ṣin jọba ní ọ̀dàn, kó rọ nínú igbó. Jẹ́ kí ọdẹ máa rìn láìdún lábẹ́ igi, kó sì wà ní gbangba láìní ibi ìsádi ní pápá. Jẹ́ kí odi ìlú ṣe onídà láǹfààní. Ògbómọ̀ṣọ́ dúró nígbà tí àwọn ìlú tó yí i ká ń tú, tí àwọn ará ibẹ̀ ń sá wá sínú rẹ̀. Ẹ fi odi yẹn sínú géèmù kó wúlò, kó má kàn jẹ́ àwòrán.

Mi ò sọ pé kí gbogbo ẹ̀yà jagunjagun dọ́gba o. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, ọmọ ayò 48, ihò 12, ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tá náà ló wà lọ́wọ́ ẹni. Ogun kò rí bẹ́ẹ̀, ogun tó bá sì rí bẹ́ẹ̀ á sú ènìyàn. Kí ọdẹ máa borí ọlọ́fọ̀, kí ọlọ́fọ̀ máa borí onídà, kí onídà tó bá rí ọdẹ mú fi í ṣòfò, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, kó má jẹ́ àádọ́rùn-ún. Bó bá jẹ́ àádọ́rùn-ún, ogun ti parí níbi tí a ti ń yan ẹni tí a fẹ́ lò, a kàn ń lọ sí pápá lọ parí ètò ìsìnkú ni.

Nígbà tí ẹ bá sì ń wo ìṣirò, ẹ má wo iye ogun tí ẹ̀yà kan borí lápapọ̀ nìkan. Ẹ̀yà kan lè borí àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kó sì tún ti bàjẹ́: kí àwọn ọmọ tuntun máa fi í borí ọgbọ̀n, kí àwọn ògbóǹkangí máa fi í borí àádọ́rin, ẹ pa á pọ̀, ẹ pín in, ó jọ pé ó dára. Àwọn tó ń ṣe géèmù League of Legends kì í fi ojú kan ṣoṣo wò ó. Wọ́n pín àwọn tó ń gbá a sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, láti orí ẹni tó kàn ń ṣeré dé orí àwọn tó fi ṣe iṣẹ́, wọ́n á sì wo akọni kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún ya àwọn tí ping wọn ga sọ́tọ̀ sí àwọn tí tiwọn kéré. Ó dá mi lójú pé ẹ óò rí ohun tí mo ń wí.

Ohun kan tún wà tó ń fa ìjà láàárín àwa tí a ń gbá a. Àwọn tó ń bá iwin inú igbó jà fẹ́ kí ọfọ̀ lágbára, torí iwin kì í rojọ́. Àwọn tó ń bá ènìyàn jà fẹ́ kó rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fa aṣọ kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní 2008, àwọn tó ṣe géèmù Guild Wars bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oríṣi méjì fún agbára kan náà, ọ̀kan fún ìjà pẹ̀lú ẹranko, ọ̀kan fún ìjà pẹ̀lú ènìyàn. Iṣẹ́ yín á pọ̀ sí i, àmọ́ àlàáfíà á wà.

Àánú adáhunṣe inú géèmù yín náà ń ṣe mí. Ìwòsàn nìkan ló lè ṣe, ẹni tó bá sì fẹ́ wòsàn lójú ogun tí gbétugbétu ń fò kiri á kú kó tó ya ẹnu. Òun ló yẹ kó ní ẹ̀rọ̀ lọ́wọ́: kí ó lè tú ẹni tí a dá dúró sílẹ̀, kí ó lè já àfẹ́ẹ̀rí. Bó bá ní ìyẹn, ẹ óò rí bí àwọn ènìyàn á ṣe máa bẹ̀ ẹ́ kó bá wọn lọ.

Ní ti owó, mo gbọ́ pé ẹ ń ronú láti máa ta oǹdè àti ìfúnpá alágbára fún ẹni tó bá lówó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Ẹ ta aṣọ òfì, ẹ ta gàárì ẹṣin, ẹ ta ìlà ojú, ẹ ta oríkì tí ayan á máa fi pe ènìyàn bó bá ṣẹ́gun, èmi fúnra mi á rà á. Lọ́jọ́ tí owó bá ra agbára, gbogbo ìṣirò tí mo ṣe sókè yìí kò wúlò mọ́, àwọn ọmọ tó ń fi dátà ọgọ́rùn-ún náírà gbá géèmù yín á sì mọ̀ pé a kò ṣe é fún àwọn.

Kí ẹ tó gbé àtúnṣe tó ń bọ̀ jáde, ẹ ṣí server ìdánwò kan, kí ẹ fi gbétugbétu tuntun àti ọfọ̀ onígbólóhùn gígùn sí i ná, kí ẹ má fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan. Ẹ jẹ́ ká gbá a láti ìhín, lórí nẹ́tíwọ̀kì tí à ń lò, ní alẹ́ tó ń fà jù, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì. Àwa tí a ń lo ọdẹ á wá, a ó sì bá àwọn onídà àti ẹlẹ́ṣin tó ti bínú kúrò sọ̀rọ̀ kí wọ́n padà wá fún ìdánwò náà. Mo ti bá àwọn ọlọ́fọ̀ mélòó kan ní Under G sọ ọ́, àwọn náà fẹ́ ẹ, torí pípa ẹni tí kò lè jà ti sú wọn. Ẹ kàn dá ọjọ́, kí ẹ sì kéde rẹ̀ nínú géèmù.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ yín,
Ògbómọ̀ṣọ́.